Bí A Ṣe Ń Gbé Fáìlì Ní Ọ́fíìsì Lọ́yà Fawwaz

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ni pé ṣé mo lè fajú ro.

Àǹtí Ghada, akọ̀wé ọ̀gá, ló bi mí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìbòrí rẹ̀ funfun báláú, gíláàsì ojú rẹ̀ sì ń fì lórí okùn. Ó wò mí láti bàtà dé orí. Èmi tí mo ti ka òfin ilẹ̀, òfin àdéhùn àti òfin ọ̀daràn fún ọdún mẹ́ta gbáko ní yunifásítì, tí mo ti há nọ́ńbà abala òfin sórí débi pé mò ń pè wọ́n lójú oorun, mo rò pé ọ̀kan nínú wọn ló máa bi mí.

"Kí n fajú ro bíi báwo, Àǹtí?"

"Bí ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn. Jẹ́ kí n rí i."

Mo fajú ro.

"Rárá o. Ìyẹn jọ ẹni tí inú ń run. Iwájú orí ni kó ti wá. Ẹ̀n-ẹ́n! Ó kù díẹ̀, wàá mọ̀ ọ́n."

Òkè Luweibdeh ni ọ́fíìsì náà wà, ní ìlú Amman, ní àjà kẹta ilé olókùúta funfun kan. Oṣù keje ni. Dandan ni kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò kó tó bọ́ sí ọdún kẹrin, kí agbẹjọ́rò náà sì kọ ìwé àbájáde fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ń wá irú àyè bẹ́ẹ̀ kì í mú èsì ìdánwò dání, ẹni tó mọ èèyàn ló ń mú dání. Àbúrò màmá mi ló ń tọ́jú eyín ìyàwó Lọ́yà Fawwaz. Ọjọ́ tó yọ eyín kan fún un tí kò dùn ún rárá, ọjọ́ náà ni àyè ṣí sílẹ̀ fún mi.

Bí o bá ní tẹlifíṣọ̀n nílé, o ti rí Lọ́yà Fawwaz. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí irun orí rẹ̀ dúdú ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ aláìní, òun ni wọ́n ń pè. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́, òun náà ni. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ lórí gbogbo ètò: "Ilé ẹ̀kọ́ ni ọ́fíìsì mi." Kò purọ́. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ ni kì í sọ.

Àwa mẹ́ta ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Mutasim wà níbẹ̀ nítorí pé bàbá rẹ̀ àti ọ̀gá jọ ń ṣọdẹ. Ẹnì kẹta ni Ibtihal, ọmọbìnrin ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Tafila, tó ń sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà bí ẹni pé wọ́n ń lé e bọ̀. Òun kò mọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà ló kọ, ló bá wọ bọ́ọ̀sì wá. Ọ̀gá gbà á nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun kì í gbàgbé àwọn ọmọ ìlú kéékèèké, ó sì yẹ kí ọ̀kan wà nílẹ̀ tí òun lè nawọ́ sí.

Abẹ́ tábìlì Àǹtí Ghada ni aago kan wà. Tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, oníbàárà ń gòkè bọ̀, kí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà. Tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, oníbàárà ńlá ni. Nígbà náà, Mutasim á sáré já sí yàrá ọ̀gá, á kígbe pé, "Ọ̀gá, kóòtù tó ga jù tún ń pè yín o!" Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á máa pọ ìwé funfun jáde láìsí ọ̀rọ̀ kan lórí wọn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á gbé tẹlifóònù kan tí wáyà rẹ̀ ti já láti ọdún mẹ́ta, á máa bá a jà: "Ẹ sọ fún un pé mi ò gbà! Ẹ ní Fawwaz ló sọ bẹ́ẹ̀!"

Tí oníbàárà bá ti sọ̀kalẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa. Mutasim á padà sídìí eré bọ́ọ̀lù inú fóònù rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta lè kọjá kí aago náà tó tún dún. Orúkọ ara mi ni mo ń tẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo tẹ orúkọ mi dé ojú ewé ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́fà.

Wọ́n tún fún kálukú wa ní fáìlì kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má ṣí i o," Àǹtí Ghada kìlọ̀. "Àyà ni kẹ́ ẹ gbé e mọ́, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹni tó bá há fáìlì mọ́ abíyá, ńṣe ló máa jọ ẹni tó ń ti ọjà bọ̀."

"Àǹtí, kí ló wà nínú ẹ̀?" Ibtihal bi í.

"Ìwé."

"Ìwé kí ni?"

"Ìwé tó máa ń wà nínú fáìlì. Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni àbí o fẹ́ máa bi mí ní ìbéèrè?"

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, aago dún lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin kúkúrú kan ló wọlé, àtẹ̀gùn ti mú un débi pé ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó gbé àwo kan dání tó fi aṣọ bò, ewé àjàrà tí wọ́n fi di ìrẹsì ló kún inú rẹ̀. Ìyá Rushdi ni wọ́n ń pè é. Aránṣọ ni, yàrá kan ló ń gbé ní àdúgbò Ashrafiyeh, fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, abẹ́ fèrèsé yẹn sì ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti wà fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ni aládùúgbò rẹ̀ bá gbé ògiri dìde síwájú fèrèsé náà. Àlàfo tó kù láàárín wọn kò gba ju apá èèyàn lọ. Ìyá Rushdi lọ sí kóòtù, kóòtù àkọ́kọ́ ní ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni ògiri.

Ọ̀gá jáde wá pàdé rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ìyá Rushdi! Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, ẹ fọkàn balẹ̀. A ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó ti wà níwájú àwọn adájọ́ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀kan nínú wọn kà á tán, omi ló ní kí wọ́n bù wá fóun."

"Ọlọ́run á san án fún yín, Lọ́yà. Ó ti wá burú. Iná tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án gangan. Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, apá ọ̀tún aṣọ ìyàwó ni mo rán mọ́ ọrùn."

"Kò ní pẹ́ mọ́. Ẹ wo ọmọ yìí." Ọ̀gá nawọ́ sí Ibtihal, tó dúró ṣánṣán, tó gbé fáìlì mọ́ àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Tafila ló ti wá. Fáìlì yín ló gbé dání yẹn. Kì í sùn mọ́ nítorí yín! Mo ní, 'Ọmọ mi, lọ sinmi.' Ó ní rárá, àfi bí Ìyá Rushdi bá rí ìmọ́lẹ̀."

Ìyá Rushdi dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú Ibtihal mú, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń wo aṣọ tó fẹ́ gé.

"Háà! Òótọ́ ni, ojú ẹ ti wọnú. Ọmọ ọlọ́mọ! Gbà, jẹun. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ mú o, má jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Nígbà tó lọ tán, a jẹ ewé àjàrà náà. Ó dùn dé ọkàn. Ọ̀gá nìkan jẹ mẹ́rìnlá. Ibtihal kò fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó sì ṣí fáìlì rẹ̀.

"Razan," ó pè mí wúyẹ́wúyẹ́. "Wá wo nǹkan."

Ìwé ìdájọ́ kan wà níbẹ̀, àwòrán fèrèsé tí ògiri dí, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ ìyá náà, àti ìwé tó fi fún ọ̀gá láṣẹ láti ṣojú òun. Ó parí. Kò sí ìwé kòtẹ́milọ́rùn kankan. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì ti kọjá láti ìgbà ìdájọ́, bẹ́ẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni òfin fún ẹni tí ẹjọ́ kò tẹ́ lọ́rùn.

"Bóyá ó wà níbòmíì," mo wí.

"Níbo?"

Mo wo kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó wà lẹ́yìn wa, tí fáìlì tò sí gẹrẹrẹ láti òkè délẹ̀. Ibtihal fa ọ̀kan yọ, ó fa ìkejì, ó fa ìkẹta. Àwọn ìwé funfun tí ẹ̀rọ ń pọ̀ jáde ló wà nínú gbogbo wọn. Wọ́n tilẹ̀ fi okùn dì wọ́n dáadáa.

Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Kò tì í tán, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ń ṣe ìdánrawò níwájú dígí. Ó fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àwọn agbẹjọ́rò lórí àkòrí kan tí wọ́n pè ní Òtítọ́ Inú Nínú Iṣẹ́ Wa.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹjọ́ Ìyá Rushdi, ọjọ́ mẹ́rin ló kù."

"Ọmọ mi, ọdún kélòó lo wà?"

"Ọdún kẹta, Ọ̀gá."

"Èmi, ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé. Òkun ni òfin. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kì í kọ́ ẹja bí wọ́n ṣe ń wẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ fún wọn pé ó ti wà níwájú àwọn adá…"

"Ìrètí ni mo fún un. Ìrètí náà, iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni. Bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn."

Láti ọjọ́ kejì ni Ibtihal ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo débẹ̀, ẹnì kan ń tẹ ohun gidi lórí kọ̀ǹpútà. Ariwo rẹ̀ tilẹ̀ ta Àǹtí Ghada létí.

"Kí ló ń ṣe ẹni tó ń tẹ̀ yẹn? Aago ò tíì dún o!"

Ní ọ̀sán, a jọ jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, à ń jẹ búrẹ́dì onísẹ́sámù pẹ̀lú ẹyin. Mo ní kí n gbà á nímọ̀ràn.

"Ibtihal, ìwé àbájáde rẹ wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Dákẹ́, gba ìwé ẹ, máa lọ. Ìwọ kọ́ lo purọ́ fún ìyá yẹn."

"Èmi kọ́ lóòótọ́. Ojú mi ló fi purọ́ fún un." Ó já búrẹ́dì, kò jẹ ẹ́. "O ò rí bó ṣe dì mí mú? Ó gbà gbọ́ pé mi ò sùn. Látìgbà yẹn, mi ò sùn mọ́ lóòótọ́. Ṣé ìyẹn ò pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

Mo bá a ka ohun tó kọ. Nọ́ńbà abala òfin méjì ló ṣì, mo tún wọn ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi, nítorí òun nìkan ni mo ní.

Ọjọ́bọ̀ ni ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Aago méjì ọ̀sán ni akọ̀wé kóòtù ń ti fèrèsé rẹ̀, kóòtù kì í sì í ṣiṣẹ́ ní Jímọ̀ àti Àbámẹ́ta, ó di ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó tún ṣí i. Láti àárọ̀ ni Ibtihal ti ń lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀gá, tí wọ́n ń dá a padà. Ọ̀gá ń jẹun. Ọ̀gá ń sinmi. Ọ̀gá ń ronú. Ó kù díẹ̀ kí aago kan ọ̀sán lù, aago abẹ́ tábìlì dún lẹ́ẹ̀mejì.

Oníṣòwò táyà kan ló ń bọ̀, ọkùnrin bàńtàbàǹtà tó ń wá agbẹjọ́rò tó máa jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Gbogbo wa gbéra. Ẹ̀rọ ń pọ ìwé. Ọ̀gá ti gbé tẹlifóònù rẹ̀, ó ti ń pariwo. Mutasim dìde láti sáré, ṣùgbọ́n Ibtihal fọwọ́ tì í láyà.

"Jókòó. Tèmi ni tòní."

Bí oníṣòwò náà ṣe jókòó tán níwájú ọ̀gá, Ibtihal gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, kò kan ilẹ̀kùn, ó wọlé gbàà.

"Ọ̀gá, ẹ foríjì mí. Ìwé kòtẹ́milọ́rùn Ìyá Rushdi tẹ́ ẹ ní kí n kọ ti parí. Òní ló máa dópin. Kí ẹ fọwọ́ sí i nìkan ló kù. Àwọn ará kóòtù ń retí wa."

Ọ̀gá dúró pẹ̀lú tẹlifóònù létí. Ẹni tó ń bá jà lórí rẹ̀ kò sí, kò sì lè sọ fún un pé kó dúró ná.

"Ta ni Ìyá Rushdi?" oníṣòwò táyà béèrè.

"Aránṣọ kan ni, Alàgbà. Wọ́n fi ògiri dí fèrèsé rẹ̀. Ọ̀gá ló ń gbèjà rẹ̀."

"Aránṣọ!" Ọkùnrin náà na ẹsẹ̀, inú rẹ̀ dùn. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn! Ẹni tó bá lè tìtorí aránṣọ jà báyìí, á jà fún táyà."

Ẹ̀rín kan yọ lójú ọ̀gá, ẹ̀rín ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun níwájú àna. Ó fa bírò rẹ̀ tó ń dán bíi wúrà yọ, kò sí íǹkì nínú rẹ̀. Ta ló mọ ìgbà tó ti lò ó kẹ́yìn? Oníṣòwò táyà ló yá a ní tirẹ̀. Ó fọwọ́ sí ibi mẹ́ta, ọwọ́ gbọọrọ oníkọ́lọkọ̀lọ.

"Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ yìí nìyí," ó wí. "Aláìní ló ṣíwájú!"

Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ló kù, ọwọ́ Àǹtí Ghada ló wà. Ibtihal dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà. Àǹtí wo ìwé, ó wo aago ara ògiri. Aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo rò pé á pariwo. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú òǹtẹ̀ jáde, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀ fùú, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta.

"Má gba ìsàlẹ̀ ọjà, ọkọ̀ ò rìn níbẹ̀. Takisí ni kó o wọ̀. Sáré!"

Ibtihal yíjú sí mi. Ó ń retí pé kí n bá òun lọ. Mo rí i, kò sí àní-àní. Oníbàárà mìíràn ń gòkè bọ̀, aago dún lẹ́ẹ̀kan. Mo jókòó, mo sì tẹ orúkọ mi.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ lòun débẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ti wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti máa lọ sílé, ó ní kó padà wá ní ọjọ́ Àìkú. Ni Ibtihal bá sọ fún un pé Lọ́yà Fawwaz ní kí òun kí i, pé lọ́yà fẹ́ dárúkọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ jù ní gbogbo Amman. Ọkùnrin náà bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gba ìwé náà, ó tún bá a wá ibi tó máa jókòó sí. Ohun kan ṣoṣo tí Ibtihal rí kọ́ ní ọ́fíìsì wa nìyẹn.

Ọ̀gá kò bá a jà. Kò tilẹ̀ bá a sọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ó pín ìwé àbájáde fún wa. Ohun tó kọ sínú ti Ibtihal ni pé: "Kò mọ ipò rẹ̀. Kì í kan ilẹ̀kùn. Kò yege." Nínú tèmi, ó kọ ọ́ pé: "Ó dáńgájíá. Ẹni tí a lè fọkàn tán ni."

Ibtihal ká tirẹ̀ sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, Àǹtí Ghada pè é padà, ó bá a tún ìbòrí rẹ̀ ṣe léjìká, ó sì padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Oṣù Kejìlá ni ìdájọ́ kejì jáde. Wọ́n pàṣẹ pé kí aládùúgbò náà wó ògiri rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ fèrèsé. Èmi ṣì wà lọ́fíìsì nígbà náà, nítorí ọ̀gá ti ní kí n máa wá lọ́jọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Ìyá Rushdi gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú aṣọ agbẹjọ́rò tuntun, dúdú kirikiri, tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún ọ̀gá lójú ìmọ́lẹ̀. Ojú rírán rẹ̀ tò bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Ọ̀gá wọ̀ ọ́ lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì sọ bí òun ṣe fọwọ́ ara òun kọ ìwé náà, tí omijé ń kán sórí rẹ̀.

Bí ìyá náà ṣe fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó dúró lọ́dọ̀ mi.

"Ọmọ Tafila yẹn dà, èyí tí kì í sùn?"

"Ó ti padà sílé, Ìyá."

"Ṣé ó ti ń sùn báyìí?"

"Ó ti ń sùn, Ìyá."

Ibi tí mo ti lè sọ òótọ́ fún un gan-an nìyẹn. Ẹnu mi là, ó tún padà pa dé.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, Ibtihal tún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ obìnrin agbẹjọ́rò kan ní Tafila, tí ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ yàrá kan lókè ilé ìtajà irúgbìn. Ó pè mí lórí fóònù, ó ń ráhùn, ohùn rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni obìnrin náà ti ń rán òun níṣẹ́ káàkiri, ẹsẹ̀ òun ti wú, ẹjọ́ ewúrẹ́ mẹ́tàdínlógún ló wà nílẹ̀, òun ò sì tíì rí àga kan tí kò mì.

"Ìwọ ńkọ́, Razan? Wọ́n ní Fawwaz ti gbà ẹ́ síṣẹ́ tààrà, bó o bá ti parí ẹ̀kọ́ ẹ. Iṣẹ́ wo ni wọ́n máa fún ẹ?"

Mo ní, "Mo ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tuntun, èmi ni mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé fáìlì."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, mo ń gbọ́ obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bi í pé kí ló dé. Mo bá a rẹ́rìn-ín náà, mo rẹ́rìn-ín dáadáa, títí ó fi ní òun ń lọ, wọ́n ń pe òun ní kóòtù.